Ìtàn Ìfẹ́ Tí Télọ̀ Ìbà Ń Gé Fún Wa Díẹ̀díẹ̀

Àwọn tó ń ka ìwé mi sábà máa ń bi mí ní ìbéèrè kan náà: kí ló dé tí àwọn olólùfẹ́ inú ìtàn mi fi máa ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó sọ ohun tó wà lọ́kàn wọn? Ọkùnrin kan tiẹ̀ sọ fún mi pé òun ka ìdajì ìwé kí ọkùnrin inú rẹ̀ tó béèrè orúkọ obìnrin tó ń wò. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kó má bínú. Ìdáhùn ọ̀rọ̀ náà gùn ju ohun tí èèyàn lè sọ ní ìdúró lọ. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni mo ti kọ́ ọ, ní Ọ̀jọ́, ní ọdún díẹ̀ ṣáájú kí a tó gba òmìnira, mo sì ń dúpẹ́ rẹ̀ títí di òní.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà náà. Mo ti ṣe ìdánwò láti wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, mo ń retí èsì, èsì kò sì dé. Bàbá mi ní kàkà kí n jókòó sílé máa wo ojú ọ̀nà, kí n lọ bá ẹ̀gbọ́n ìyá mi gbé. Àǹtí la máa ń pè wọ́n. Opó ni wọ́n. Ọkọ wọn ti kú láti ọdún mẹ́ta. Àbúrò ọkọ fẹ́ ṣú wọn lópó, Àǹtí ní àwọn dúpẹ́, àwọn ò fẹ́, wọ́n sì kó ẹrù wọn padà sí agbo ilé bàbá wọn. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí ti wà nílé ọkọ ní Àgbádárìgì. Òróró àgbọn ni wọ́n ń ṣe tà. Láràárọ̀ ni wọ́n ń fọ́ àgbọn, tí wọ́n ń rin ín, tí wọ́n ń fún omi rẹ̀, tí wọ́n sì ń gbé e kaná títí òróró á fi léfòó.

Ẹni tó ń bá wọn rin àgbọn ni ìyá àgbà kan tí ilé wọn kọjú sí tiwa. Apẹja ni ọkọ ìyá náà, ìyá náà fúnra wọn sì ti tukọ̀ lórí ọ̀sà nígbà èwe wọn. Àǹtí àti ìyá náà kò mọ ìwé kà. Nítorí náà, bí mo bá rí bébà kan tí wọ́n fi di iyọ̀ fún wa lọ́jà, mo máa ń tẹ́ ẹ sórí itan mi, mo máa kà á sí wọn létí bí wọ́n ṣe ń rin àgbọn, ìbáà jẹ́ ìròyìn nípa ọkọ̀ tó gúnlẹ̀ sí èbúté lóṣù mẹ́fà sẹ́yìn.

Ibi tí mo ti ń ka irú bébà bẹ́ẹ̀ ni télọ̀ kan bá wa ní Ọjọ́bọ̀ kan. Ìbà ni wọ́n ń gbé. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, wọ́n á gun kẹ̀kẹ́ gba ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó la Òkòkòmáíkò kọjá, wọ́n á kó aṣọ tí wọ́n ti rán wá fún àwọn oníbàárà wọn ní Ọ̀jọ́, wọ́n á sì gba òmíràn. Wọ́n á tó ẹni àádọ́ta ọdún, wọ́n rí tẹ́ẹ́rẹ́, téèpù tí wọ́n fi ń wọn aṣọ kì í kúrò lọ́rùn wọn. Òróró àgbọn ni wọ́n fẹ́ rà. Àǹtí ní kí wọ́n jókòó kí iná ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán, wọ́n sì jókòó, wọ́n ń gbọ́ mi.

"Ọmọ yìí mọ ìwé kà," ni télọ̀ wí. "Ohun tó ń kà ni kò dùn."

"Ohun tí a rí la ń kà," ni Àǹtí dáhùn.

"Mo ní èyí tó dùn nílé. Ìtàn ìfẹ́ ni. Inú ìwé ìròyìn ló ti ń jáde, abala kan lọ́sẹ̀ kan. Màá mú un wá."

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n mú abala kìíní wá. Kì í ṣe odidi ìwé ìròyìn. Ìtàn náà nìkan ni wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé jáde, etí rẹ̀ gún régé bí etí aṣọ. Wọ́n ní ìyókù ni àwọn fi ń gé pátáánì kí àwọn tó fọwọ́ kan aṣọ gan-an. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Télọ̀ wo ni kì í fi ìwé ìròyìn gé pátáánì?

Ìtàn náà dá lórí atukọ̀ kan tó ń gbé èèyàn kọjá ọ̀sà, àti obìnrin kan tó ń ta ìkòkò, tó máa ń wọ ọkọ̀ rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ọjà. Ní abala kìíní, obìnrin náà wọ ọkọ̀, ó kí atukọ̀, atukọ̀ dáhùn, wọ́n gúnlẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní abala kejì, omi ta sí i láṣọ. Ní abala kẹta, atukọ̀ fi pákó gbígbẹ kan síbi tó máa ń jókòó sí, kò sì jẹ́ kó mọ̀ pé nítorí rẹ̀ ni. Ní abala karùn-ún, obìnrin náà bá ẹlòmíràn lórí pákó yẹn, inú rẹ̀ sì bàjẹ́ títí tó fi dé ọjà, kò mọ ìdí rẹ̀.

Ara mi ò gbà á mọ́. "Kí ló ń dá wọn dúró gan-an?" ni mo wí. "Ọkùnrin ò níyàwó, obìnrin ò lọ́kọ. Kó sọ ọ́ kí gbogbo wa sinmi."

Àǹtí ò gbójú kúrò lára àgbọn tó wà lọ́wọ́ wọn. "Ta ló ń lé ọ?"

"Ẹni tó bá tètè sọ ọ́ fún obìnrin lọ́jọ́ kìíní," ni ìyá àgbà gbà á sọ, "ó ti sọ ọ́ fún mẹ́wàá ṣáájú rẹ̀."

Ìyá àgbà yìí ní ẹjọ́ tiwọn tí wọ́n ń bá ìtàn náà rò. Wọ́n ní ó dájú pé ẹni tó kọ ọ́ ò di àjẹ̀ mú rí, nítorí kò sí atukọ̀ tí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ sí láti ọ̀tún tó máa tu ọkọ̀ bó ṣe kọ ọ́ yẹn. Síbẹ̀, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ pákó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbèjà atukọ̀ náà bí ẹni pé àwọn ló bí i. Bí wọ́n bá bá Àǹtí pàdé lọ́jà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Obìnrin ẹlẹ́ja kan tiẹ̀ béèrè lọ́wọ́ wọn pé àdúgbò wo ni ọkùnrin náà ń gbé.

Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí wa. Ká ní atukọ̀ ti sọ tẹnu rẹ̀ ní abala kìíní, pákó á jẹ́ pákó lásán. Nítorí pé kò tíì sọ ọ́, ohun gbogbo tó bá fọwọ́ kàn di ọ̀rọ̀. A bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọwọ́ rẹ̀, a ń wo ibi tó kọjú sí, a ń wo bó ṣe pẹ́ tó kó tó dáhùn ìkíni. Láàárín Ọjọ́bọ̀ kan sí èkejì, àwa fúnra wa là ń kọ ìtàn náà lọ nínú orí wa.

Télọ̀ kì í fún wa ní abala kí wọ́n sì máa lọ. Wọ́n máa ń jókòó gbọ́ ọ parí. Lóṣù kìíní, orí òkìtì èèpo àgbọn ni wọ́n ń jókòó sí. Lóṣù kejì, Àǹtí ní kí n máa gbé àga inú ìyẹ̀wù síta ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, nítorí àlejò. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, ife kan ti wà nílé tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi mu omi àfi télọ̀. Bẹ́ẹ̀, ohun tí àwọn méjèèjì ń bá ara wọn sọ kò ju "Ìyá Alágbọn, ẹ kú iṣẹ́" àti "Télọ̀, ẹ kú ọ̀nà" lọ, wọ́n á sì fi ọ̀rọ̀ òjò àti ọ̀rọ̀ òwú kún un.

Òjò ló fa ohun tó tẹ̀ lé e. A ti ka abala kẹẹ̀ẹ́dógún, òjò wá rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin léraléra, omi sì bo ọ̀nà Òkòkòmáíkò. Télọ̀ ò wá ní Ọjọ́bọ̀ yẹn. Mo gbé àga síta, mo tún gbé e wọlé. Lọ́jọ́ Sátidé tí omi fà, Àǹtí pè mí.

"Ìró tí mo fún télọ̀ pé kó bá mi ṣẹ́ létí, ó yẹ kó ti ṣe tán. Lọ bá mi gbà á."

Mo fi ẹsẹ̀ rìn dé Ìbà, ẹrẹ̀ dé orúnkún mi. Ìyá télọ̀, ìyá arúgbó tó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí ní ọ̀ọ̀dẹ̀, sọ fún mi pé ọmọ àwọn lọ kírun, kí n wọlé lọ dúró dè é ní ṣọ́ọ̀bù. Mo wọlé, mo jókòó ti máṣíìnì. Àpótí igi kan wà lábẹ́ tábìlì, ìdérí rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ohun tí mo sì rí lókè nínú rẹ̀ ni ìdì bébà kan tí wọ́n fi òwú dì. Mo dá gígé rẹ̀ mọ̀. Abala kẹrìndínlógún ló wà lókè pátápátá. Mo fi ìka tú etí rẹ̀: ẹ̀kẹtàdínlógún, èkejìdínlógún, títí dé ọgbọ̀n.

Ìtàn náà ti parí. Gbogbo rẹ̀ wà nílẹ̀ níbẹ̀, àwa ń jókòó ní Ọ̀jọ́ à ń retí.

Inú bí mi. Mi ò sì lè pa á mọ́ra, mo tú òwú, mo fa abala ọgbọ̀n jáde, mo sáré wo ìparí rẹ̀. Ohun tí mo bá níbẹ̀ ni pé lọ́jọ́ kan tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà, obìnrin náà wá sí etí omi láìru ìkòkò kankan. Atukọ̀ bi í pé, "Níbo lẹ ń lọ lónìí?" Ó ní, "Mi ò lọ síbì kankan." Atukọ̀ gbé àjẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ó parí síbẹ̀.

Mo yí bébà náà síwájú, mo yí i sẹ́yìn. Ṣé ohun tí a ń torí rẹ̀ ṣe wàhálà nìyí? Kò ṣe mí bákan rárá. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá gbọ́ ẹ̀rín ní ilé kejì, tí kò mọ ohun tí wọ́n sọ.

Ibẹ̀ ni télọ̀ bá mi, bébà lọ́wọ́ mi. Mo kúnlẹ̀, ojú ń tì mí, ṣùgbọ́n ìbínú ò tíì tán.

"Bàbá, ìtàn yìí ti parí."

"Ó ti parí tipẹ́." Wọ́n jókòó. Wọn ò bá mi wí. "O ti ka ìparí rẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Má sọ fún mi."

Mo gbójú sókè. Mi ò lóye.

"Ìyàwó mi ló nífẹ̀ẹ́ ìtàn yìí," ni wọ́n wí. "Nígbà tó ń ṣàìsàn, èmi ni mo ń kà á fún un, bó bá ṣe ń jáde lọ́sẹ̀. Abala ogún la dé tó fi kú. Mo ń ra ìwé ìròyìn náà lọ, mo ń gé e, mo ń tò ó síbẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò lè kà á. Ó ń ṣe mí bí ẹni pé mo fẹ́ ṣáájú rẹ̀ lọ. Ìgbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ lágboolé yẹn, mo ní bí ẹlòmíràn bá kà á, bóyá màá lè gbọ́ ọ."

"Kí ló dé tí ẹ ò kó gbogbo rẹ̀ wá lẹ́ẹ̀kan náà?"

Wọ́n wo ọwọ́ wọn. "Ẹ ó kà á tán lọ́jọ́ méjì. Kí ni màá wá wá sí Ọ̀jọ́ lọ́sẹ̀ kejì?"

Mo gba ìró Àǹtí, mo gba abala kẹrìndínlógún, mo dágbére. Ní gbogbo ọ̀nà ni mo ń pinnu pé mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe na bébà náà sí Àǹtí, wọ́n gbé e sún mọ́ imú wọn, wọ́n fà á símú.

"O rí àpótí rẹ̀?"

Ẹnu yà mí. "Ẹ mọ̀ pé ó wà nínú àpótí?"

"Káńfọ̀ ni bébà yìí ń rùn, tí wọ́n fi ń lé kòkòrò kúrò nínú aṣọ. Ìwé ìròyìn tuntun kì í rùn bẹ́ẹ̀. Láti abala kejì ni mo ti mọ̀ pé inú àpótí ló ti ń mú un jáde."

"Ẹ ò sì sọ fún wa."

"Kí n sọ ọ́, kó wá kó gbogbo rẹ̀ wá?" Wọ́n kọ́ ìró wọn sórí okùn, wọ́n wò ó. "Ó ṣẹ́ ẹ dáadáa."

Èmi tí mo mọ ìwé kà ni ò mọ nǹkan kan.

A tún bẹ̀rẹ̀ Ọjọ́bọ̀ wa. Mo ń kàwé báyìí, mo sì ń wo àwọn tó ń gbọ́. Lọ́jọ́ tí a dé abala kọkànlélógún, èmi àti télọ̀ nìkan la mọ ohun tó jẹ́. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo wò wọ́n, wọ́n mi orí sí mi pé kí n máa kà á lọ. Ohun tó wà nínú abala yẹn kò tó nǹkan: obìnrin náà rí i pé ọwọ́ atukọ̀ bó, ó fi òróró díẹ̀ sílẹ̀ fún un nínú ọkọ̀. Télọ̀ gbójú sílẹ̀ títí mo fi kà á tán. Lẹ́yìn náà, wọ́n sọ ọ́ síta, wọ́n sọ fún Àǹtí àti ìyá àgbà pé abala tó ṣáájú ìyẹn ni àwọn àti ìyàwó àwọn kà dé kó tó kú. Ìyá àgbà kí wọn kú àfẹ́kù. Àǹtí gbé àgbọn ọwọ́ wọn sílẹ̀. Wọ́n dìde, wọ́n bu omi sínú ife, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbé e fún télọ̀. Tẹ́lẹ̀, èmi ni wọ́n máa ń rán.

Nígbà tó yá, a dé abala ọgbọ̀n. Mo ti mọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sórí, mo rò pé kò lè ṣe mí ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe dé ibi tí obìnrin náà ti sọ pé, "Mi ò lọ síbì kankan," mo gbé bébà sórí itan. Mo ní láti dúró. Ọ̀rọ̀ kan náà tí mo kà ní ṣọ́ọ̀bù ni, kò lé, kò dín. Ohun tó yàtọ̀ ni pé mo ti bá wọn la ọ̀sà náà kọjá nígbà ọgbọ̀n. Ìyá àgbà fi etí ìró wọn nu ojú.

"Ẹni tó kọ ọ́ ò mọ ọkọ̀ tù," ni wọ́n wí, "ṣùgbọ́n ó mọ èèyàn."

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, télọ̀ ò wá. Òjò ò rọ̀. Ọjọ́bọ̀ kejì, wọn ò wá. Wọ́n ní kí ẹlòmíràn bá àwọn kó aṣọ àwọn oníbàárà wá. Lọ́jọ́ kejì ìyẹn, mo rí Àǹtí níwájú ilé pẹ̀lú ọ̀bẹ ìdáná àti bùbá kan tó dára, tí wọn ò tíì wọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Wọ́n ń fi ọ̀bẹ tú ojú rírán abẹ́ apá rẹ̀.

"Àǹtí, bùbá yẹn ò ya."

"Ó ti ya báyìí. Wá sìn mí dé Ìbà."

Nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀bù, télọ̀ dìde, wọ́n kí Àǹtí, wọ́n gba bùbá. Wọ́n yẹ abẹ́ apá rẹ̀ wò pẹ́.

"Ìyá Alágbọn, aṣọ yìí ò fà ya. Ọ̀bẹ ló tú u."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ọwọ́ mi ló mú ọ̀bẹ."

Télọ̀ jókòó ti máṣíìnì, ẹsẹ̀ wọn wà lórí pẹ́dàlì, wọn ò sì tẹ̀ ẹ́. "Mo ti fẹ́ wá," ni wọ́n wí nígbẹ̀yìn. "Mi ò rí ohun tí màá mú dání ni."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ mú nǹkan dání?"

Mo jáde lọ bá ìyá arúgbó ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Ojú rírán tí kò gùn tó àtẹ́lẹwọ́ ni, ṣùgbọ́n a ṣẹ́ ẹ̀gúsí náà tán kí wọ́n tó rán an tán.

Ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn nílé. Ẹ̀gbọ́n Àǹtí ọkùnrin, tó jẹ́ olórí agbo ilé, ní ṣọ́ọ̀ṣì ni Àǹtí ń lọ, mọ́sáláṣí ni télọ̀ ń lọ, àti pé kí ni àwọn ará ilé ọkọ àárọ̀ máa wí, lẹ́yìn tí Àǹtí ti kọ̀ kí wọ́n ṣú wọn lópó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni télọ̀ wá tọrọ Àǹtí, tí wọ́n sọ fún wọn pé kí wọ́n ṣì máa lọ ná. Wọn ò janpata. Wọ́n á kí gbogbo ilé, wọ́n á gun kẹ̀kẹ́ wọn padà. Ní ìgbà kẹrin, Àǹtí bọ́ sí ọ̀ọ̀dẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n wọn.

"Bùọ̀dá mi, ọkọ mi àkọ́kọ́, ẹ̀yin lẹ yàn án fún mi. Mo dúpẹ́, èèyàn gidi ni. Èyí, ẹ jẹ́ kí n fúnra mi yàn án."

Ẹ̀gbọ́n wọn wò wọ́n, wọ́n wá bi télọ̀ bóyá wọn ò ní dí Àǹtí lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Télọ̀ ní àwọn á máa fi kẹ̀kẹ́ gbé wọn lọ ni. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ parí. Wọ́n ṣe ètò ìdílé kékeré kan, Àǹtí sì kó lọ sí Ìbà pẹ̀lú ìkòkò òróró wọn.

Kò pẹ́ sí ìgbà yẹn ni èsì ìdánwò mi dé, mo sì lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọlidé, Ìbà ni mo ń kọ́kọ́ lọ. Ọdún mẹ́rìnlá ni wọ́n fi gbé pọ̀, mi ò sì rí ọjọ́ kan tí ẹnì kan nínú wọn kánjú bá èkejì sọ̀rọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ojoojúmọ́, kí ilẹ̀ tó ṣú, télọ̀ máa ń ka nǹkan fún Àǹtí lẹ́yìn iṣẹ́, ìwé ìròyìn tàbí Bíbélì, èyí tó bá wà nílẹ̀.

Àwọn méjèèjì ni mo kọ́kọ́ ka ìtàn tí èmi fúnra mi kọ fún. Ìtàn ìfẹ́ ni, ojú ìwé mẹ́jọ. Mo rò pé ó dùn. Télọ̀ ní ó dára, pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ gún.

"Àwọn ọmọ inú ìtàn rẹ yìí," ni Àǹtí wí, "ìkíni ẹ̀ẹ̀kejì ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ilé. Mi ò tíì mọ̀ wọ́n tí wọ́n fi ṣègbéyàwó. Báwo ni kí n ṣe bá wọn yọ̀?"

Mo kó ìwé mi, mo padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Odindi ọlidé yẹn ni mo fi tún un kọ, orí tábìlì ìránṣọ ni mo sì ti kọ ọ́, nítorí télọ̀ kó aṣọ wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan kí n lè rí àyè. Àwọn méjèèjì ti dolóògbé tipẹ́ báyìí. Owó kọ́ ni wọ́n fún mi, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ilẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò tíì gba ohun tó tóbi ju èyí tí wọ́n fún mi lọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.